Ṣé Irọ́ ni Ewì Darandaran?

Ní 1783, George Crabbe gbé ewì The Village jáde. Ó ní àwọn akéwì ń parọ́: wọ́n sọ darandaran di ẹni tó kàn ń fọn fèrè lábẹ́ igi, wọn ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìṣẹ́ inú oko.

Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo Virgil, akéwì Róòmù. Lẹ́yìn ogun Fílípì, ní 42 ṣáájú ìbí Kristi, ìjọba gba oko olóko fún àwọn sójà. Nínú ewì tó ṣáájú nínú Eclogues rẹ̀, darandaran kan ń fọn fèrè lábẹ́ igi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èkejì ń da ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n ti gba ilẹ̀ ẹ̀. Virgil jẹ́ ká gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

Lójú tèmi, adùn ò sọ ewì di irọ́, àfi téèyàn bá kọrin oko tán tí ò rántí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀.