ÒJÒ-DÍDÌ LÓRÍ ÒKÚTA WẸ́WẸ́: TÀBÍ, NÍBO NI Ó YẸ KÍ ÌTARA DÚRÓ?



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí a fi ìtọ́jú ènìyàn lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe nínú ilé, ìbáà ṣe nínú ìjọ, kí ó máa bi ara rẹ̀ nígbàkígbà. Òun nìyí: Nígbà tí a bá dìde láti mú ohun búburú kúrò ní ibì kan, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa bá a lọ títí kò fi ní ṣẹ́ kù rárá? Ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí lójú wọn, ìtara tí ó bá mọ ààlà kì í ṣe ìtara mọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ìdáhùn yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìlú òtútù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé nísinsìnyí.

Ní apá àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ni ìpínlẹ̀ Vermont wà, ìpínlẹ̀ olókè àti onígbó, tí ó ju ìdajì àwọn ọ̀nà rẹ̀ lọ tí a kò da ọ̀dà sí. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún títí di oṣù kẹrin ọdún kejì ni òjò-dídì máa ń rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí yóò rò pé ohun tí ó fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú kò lè di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní abúlé Jericho, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ni àgbẹ̀ kan gbé wà rí tí à ń pè ní Wilson Bentley, ẹni tí ó ya àwòrán ẹyọ òjò-dídì kan ṣoṣo ní ọdún 1885 nípa awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí ó sì ya irú rẹ̀ tí ó ju 5,000 lọ kí ó tó kú ní ọdún 1931. Ẹwà ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹyọ wọ̀nyí bá kó ara wọn jọ, ohun mìíràn ni wọ́n ń dà. Òjò-dídì tuntun tí ó ga tó íǹṣì 10 a máa yọ́ di omi tí ó tó nǹkan bí íǹṣì 1. Nítorí náà, lórí ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 10, ẹrù tí ó sọ̀kalẹ̀ láàrin òru kan ṣoṣo lè ju tọ́ọ̀nù 2 lọ.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí a fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá kó o, ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn kì yóò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ń gbé epo tí a fi ń mú ilé móoru wá kì yóò lè wọlé. Arúgbó tí ń dá gbé yóò sì di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ní katakata kékeré, tí a so irin fífẹ̀ kan mọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ti òjò-dídì sí ẹ̀bá ọ̀nà. Agbára katakata náà pọ̀; ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a yìn jùlọ. Ní ọdún 1939, Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, pẹ̀lú Henry Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé katakata kan jáde tí ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ lè fi ọ̀pá kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé irin iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè, kí ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láìsí làálàá. Ọ̀pọ̀ katakata kékeré ni ó ti tẹ̀lé ìlànà yìí láti ìgbà náà wá. Nínú ọ̀pá kékeré yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọ̀nà tí ó ti títì wọ ilé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dà sí i, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí awakọ̀ tí ó kún fún ìtara bá dé orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, a sọ irin rẹ̀ kanlẹ̀ pátápátá, nítorí kò fẹ́ rí funfun kankan mọ́. Ilẹ̀ dúdú ni ó ń wá, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n bí irin náà ti ń kó òjò-dídì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó òkúta. Pàápàá jùlọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, nígbà tí ilẹ̀ kò tí ì dì, tí àwọn òkúta kò sì tí ì di ara wọn mú. Nígbà tí oòrùn bá padà, tí òkìtì ẹ̀bá ọ̀nà sì yọ́, òkúta ni yóò bá nínú koríko rẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò sì bá lójú ọ̀nà. Ọjọ́ púpọ̀ ni yóò fi máa ha òkúta wọ̀nyí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì yóò sì padà mọ́. Ó ṣẹ́gun òjò-dídì, ó sì pàdánù ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nítorí ọ̀nà ni ó ṣe bá òjò-dídì jà.

Awakọ̀ tí ó mòye kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A gbé irin rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n íǹṣì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tàbí kí ó fi bàtà irin sí abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó má baà kan ilẹ̀. Ẹlòmíràn a jẹ́ kí òjò-dídì àkọ́rọ̀ di títẹ̀mọ́lẹ̀ lábẹ́ táyà, kí òtútù sì dì í mọ́ òkúta. Lẹ́yìn èyí, irin lè kọjá lórí rẹ̀ láìṣe ọ̀nà ní ibi. Bí funfun díẹ̀ bá kù lórí ọ̀nà ọkùnrin yìí, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn òjò-dídì. Ọ̀nà ni ó fẹ́ràn.

Olúwa wa ti fi ẹ̀kọ́ yìí hàn wá nínú òwe èpò àti àlìkámà, nínú Ìhìnrere Mátíù, orí 13. Baálé ilé náà dá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kun, kì í ṣe nítorí pé èpò dára, bí kò ṣe nítorí gbòǹgbò àlìkámà tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ẹ kíyèsí i pé àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá olúwa wọn. Ìfẹ́ iṣẹ́ ni ó mú wọn béèrè. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ni ìkórè ìbá ti bàjẹ́.

Ìjọ tiwa pẹ̀lú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì gbà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1888, àwọn Bíṣọ́ọ̀pù tí ó pé jọ sí Lambeth pinnu pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ, bí kò ṣe pé kí ó máa gba ẹ̀kọ́ títí di ìgbà tí ó bá wà ní ipò láti gba òfin Krístì. Ìdí ìpinnu náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irin náà ti kanlẹ̀ nínú agbo ilé. Kí ọkùnrin kan tó lè dé ibi omi ìrìbọmi, ó di dandan fún un láti rán obìnrin kan jáde, obìnrin tí ó fẹ́ ní ìlànà àwọn baba rẹ̀, tí ó bí ọmọ fún un, tí kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Orúkọ wo ni a ó pe àwọn ọmọ rẹ̀? Òkúta ọ̀nà ni wọ́n, a sì kó wọn dà nù mọ́ òjò-dídì.

Ní ọdún 1988, àwọn Bíṣọ́ọ̀pù tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò ní Lambeth. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ìgbéyàwó ọkùnrin kan pẹ̀lú aya kan ni ètò Ọlọ́run. Síbẹ̀ wọ́n wí pé aláya púpọ̀ tí ó bá gba Ìhìnrere gbọ́ lè gba ìrìbọmi àti ìgbọ́wọ́lé pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kì yóò fẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè, tí ìjọ ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Àti pé kí a má ṣe fi ipá mú un láti kọ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀, nítorí ìyà tí yóò jẹ àwọn obìnrin náà. A kò yí òfin padà. Irin ni a gbé sókè ní íǹṣì kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ilé. Ọmọbìnrin kan lóyún kí a tó gbé e níyàwó, bàbá rẹ̀ sì sọ ẹrù rẹ̀ síta ní òru, nítorí orúkọ ilé. Ilé náà mọ́ ní ọjọ́ yẹn lójú àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọmọ ha kọ́ ni ilé bí? Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n sì tún wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Bàbá tí ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ọmọ jáde, ọwọ́ wo ni ó kù tí yóò fi fà á?

Ẹnìkan yóò wí pé, Irú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àwọn ọ̀lẹ ń wá. Bí a bá ní kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ lónìí, gbogbo rẹ̀ ni a ó fi sílẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá gbé irin rẹ̀ ga jù, òjò-dídì tí ó fi sílẹ̀ yóò di omi dídì tí ń yọ̀ bí dígí, ọ̀nà náà yóò sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ wo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá arúgbó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Àgbẹ̀ kan náà tí ó fi funfun díẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀nà kì í fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbẹ̀. A fọ́ omi dídì rẹ̀, a sì wọ́n iyọ̀ tàbí yanrìn sí i. Nítorí kò sí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣí nípò, ẹni tí yóò sì ṣubú níbẹ̀ jẹ́ aláìlágbára.

Nítorí náà, ohun méjì ni kí a máa béèrè: kí ni ó wà lábẹ́ ibi tí a fẹ́ mú kúrò, àti ẹsẹ̀ ta ni yóò yọ̀ bí a bá fi í sílẹ̀? Ẹni tí ń jí owó ìjọ, ẹni tí ń ṣe ọmọdé ní ìṣekúṣe, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó níwájú pẹpẹ tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ lọ fẹ́ ìyàwó kejì: omi dídì orí àtẹ̀gùn ni ìwọ̀nyí. Àánú sí wọn láìsí ìbáwí, ìkà ni sí àwọn kékeré. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàṣẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n yọ ẹlẹ́ṣẹ̀ kan kúrò láàrin wọn. Ṣùgbọ́n nínú Episteli kejì, Pọ́ọ̀lù kan náà rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáríjì ẹni tí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ti tó, kí ìbànújẹ́ má baà pa á run. Ó mọ bí a ti ń sọ irin kalẹ̀. Ó sì mọ bí a ti ń gbé e sókè.

Bí a bá béèrè bí awakọ̀ ti ń mọ ìgbà tí irin rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, òkìtì ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń wò. Bí òkìtì náà bá funfun, iṣẹ́ ń lọ dáradára. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rí òkúta nínú rẹ̀, kíákíá ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí ọ̀pá kékeré náà. Ẹ jẹ́ kí àwa pẹ̀lú wo òkìtì wa. Àwọn wo ni kò wá sí ilé Ọlọ́run mọ́ nítorí ìbáwí wa? Bí a bá rí obìnrin tí ó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ni ó ṣẹ̀, tàbí ọmọ tí ó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni ó ṣẹ̀, tàbí ọ̀dọ́ tí ó ti ronúpìwàdà kí a tó kà á kúrò, kí a má ṣe yin ìtara wa. Kí a sọ̀kalẹ̀ lọ ṣa òkúta padà nígbà tí a ṣì mọ ibi tí wọ́n bọ́ sí.

Ní ti funfun díẹ̀ tí ó kù, oòrùn ni yóò mú un kúrò ní àkókò rẹ̀, òkúta kan kì yóò sì ṣí nípò. Kí Olúwa, ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ohun gbogbo, fún àwọn bàbá, àwọn ìyá, àti gbogbo olùṣọ́-àgùntàn wa ní ọwọ́ tí ó lágbára àti ọwọ́ tí ó rọ̀, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmín.