Ẹrù Lórí Ẹnìkan, Òṣùká Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Bí a bá fẹ́ gbé ẹrù ru ènìyàn, òṣùká ni a kọ́kọ́ ń wá fún un. Ẹni tí ó gbé ẹrù ru ọmọ ọlọ́mọ láìfún un ní òṣùká, tí ó tún ń bá a wí pé ọrùn rẹ̀ ń mì, ìkà ni. Ojú yìí ni mo fi ń wo bí a ti pín àṣẹ láàrin àwọn ìjọba ilẹ̀ wa.

Láti 1954 ni ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba àwọn ẹkùn ti ń pín àṣẹ ní Nàìjíríà. Ìwé Òfin 1999, bí wọ́n ti kọ ọ́, ka ohun 68 sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan: owó títẹ̀, ọmọ ogun, ọlọ́pàá pẹ̀lú. Àwọn mìíràn wà tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ lè jọ ṣòfin lé lórí, ṣùgbọ́n bí òfin méjèèjì bá tako ara wọn, ti àpapọ̀ ni yóò lékè. Ọjà, ibùdókọ̀ àti itẹ́ òkú bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Èmi kò bá pípín jà. Ẹni tí ó wà ní Àbújá kò lè mọ ibi tí gọ́tà ti dí ní Ìsẹ́yìn. Ti ọlọ́pàá ni ó ń kọ mí lóminú. Òfin ní kí gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá nítorí ààbò ìlú. Òfin kan náà ní kí kọmíṣánnà lè sọ pé kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Nígbà tí àwọn gómìnà mẹ́fà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ wí pé kò bófin mu. Ìpàdé ni ó yanjú rẹ̀. Ní 2022, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀. Ta ni kí ìyá tí ó pàdánù ọmọ rẹ̀ bi léèrè? Ẹni tí ó sún mọ́ ọn kò ní àṣẹ. Ẹni tí ó ní àṣẹ jìnnà sí i.

Ẹlòmíràn yóò dá mi lóhùn pé, ní àwọn ọdún 1960, àwọn olóṣèlú lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi fìyà jẹ alátakò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé àṣẹ sún mọ́lé ni ó fi burú, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó lè bi aláṣẹ léèrè. Àṣẹ tí ó jìnnà pàápàá lè ṣìkà, a kò sì ní tètè rí ẹni tí a ó mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn gómìnà náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ẹni tí ó ń bèèrè òṣùká lọ́wọ́ Àbújá kò gbọdọ̀ já ti ìjọba ìbílẹ̀ gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, lójú tèmi, òdiwọ̀n kan ṣoṣo ni ó tọ́: ẹni tí a ó dá lẹ́bi ni kí a fún ní àṣẹ, ẹni tí ó bá sì di àṣẹ mú, kí ó má ṣe sá fún ẹ̀bi.