Ẹni tí ó Di Olórí Láàrin Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, bí a bá fi ọ́ ṣe olórí lọ́la lórí àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré lónìí, kí ni ìwọ yóò ṣe nígbà tí ire gbogbo yín bá lòdì sí ìfẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ kan? Má ṣe yára dáhùn.

Ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn ènìyàn fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín púpọ̀. Bàtà onírin ni àwọn eléré ń wọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Serge Savard jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń dúró lẹ́yìn láti dènà. Iṣẹ́ adènà kì í sábà hàn sí ayé. Síbẹ̀, ní 1969, òun ni adènà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Conn Smythe. Ní 1970 ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ní 1971 ó tún dá. Kò torí èyí fi eré sílẹ̀. Láti 1976 títí di 1979, òun àti Jacques Lemaire àti Guy Lafleur, gbajúmọ̀ eléré iwájú nì, jọ gba Ife Stanley ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra.

Ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní 1983 Savard di alákòóso àgbà ẹgbẹ́ náà. Ní 1984 Lemaire di olùkọ́ni. Lafleur wá di ẹni tí ń ṣeré lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àkókò tí a ń fún un lórí yìnyín dínkù, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 1984, ó fi eré sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 33.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni olórí tí ó jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀? Ẹnìkan lè wí pé rárá, nítorí ẹgbẹ́ náà tún gba Ife ní 1986 àti 1993 lábẹ́ Savard. Ẹlòmíràn lè dáhùn pé Lafleur padà wá ṣeré ní New York ní 1988, nítorí náà agbára rẹ̀ kò tíì tán. Lójú tèmi, ìṣẹ́gun nìkan kò tó ẹ̀rí pé a ṣe rere. Ohun tí a ní láti bèèrè ni pé: ta ni ó ni ipò tí olórí dì mú? Kì í ṣe tirẹ̀. A fi lé e lọ́wọ́ ni. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ohun gbogbo ènìyàn ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ìdájọ́ bá tilẹ̀ le, ẹnu tí a fi sọ ọ́ lè tutù.

Ní 1995, a yọ Savard fúnra rẹ̀ nípò. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá di olórí, ṣe òtítọ́ sí iṣẹ́ rẹ, kí o sì máa bá ẹni tí yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ lò bí o ti ń fẹ́ kí a bá ọ lò ní ọjọ́ tí ìwọ náà yóò kúrò.