Ojú Mojú, Alárinà Yẹ̀

Ní Sakassou, ìlú ọba àwọn Baoulé tí kò jìnnà sí Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àlejò kì í dédé wọlé kí ó sì máa rojọ́. Wọn á fún un ní ìjókòó, wọn á bu omi fún un, lẹ́yìn náà ni wọn á tó béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀: níbo ni ó ti ń bọ̀, kí ni ó sì gbé e wá? Àṣà yìí kò yọ ẹni tí onílé mọ̀ dáadáa sílẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe àmì ìfura. Ara ìgbàlejò ni.

Àṣà yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn kan tí ayé òde òní gbé kalẹ̀. Ẹni méjì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Facebook tàbí WhatsApp fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀kan wà ní Bouaké, kí èkejì wà ní Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n pàdé ni, àbí àlejò?

Àwọn kan gbà pé ẹni tí a kò rí rí kì í ṣe ọ̀rẹ́, nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, alárinà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá àti ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, ìfẹ́ tí ó sì ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe irọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alárinà ní orúkọ àti ìdílé. Bí ó bá parọ́, òun ni ìtìjú yóò bá. Ẹ̀rọ kò ní ojú tí ìtìjú lè tì.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, ọ̀dọ́mọbìnrin oníṣòwò kan ti Ìpínlẹ̀ Nasarawa wá ra ọjà ní Èkó. Àwọn ọkùnrin tí ó bá dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook ni wọ́n pa á sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọmọbìnrin náà ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí ó sọ ìgbẹ́kẹ̀lé di pàkúté ni wọ́n jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tí Côte d'Ivoire ṣe ní ọdún 2013 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè fìyà jẹ ẹlẹ́tàn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe alárinà fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ fúnra wọn ni yóò wá alárinà náà. Kí wọ́n pàdé níbi tí èrò wà, kí ẹnìkan tẹ̀lé olúkúlùkù wọn, kí ará ilé sì mọ ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n lè ní àbùkù ni èyí jẹ́ fún ọ̀rẹ́. Rárá o. Ẹni tí a bu omi fún ní Sakassou kì í bínú nígbà tí wọ́n bá béèrè ìròyìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ a tètè ròyìn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí a kò tíì bi í.

Yorùbá ní ojú mojú, alárinà yẹ̀. Ẹ̀yìn tí ojú bá ti mojú ni alárinà ń yẹ̀, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.