Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lára Iṣẹ́ Náà?

Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ń gbé. Àbúrò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíláyà, ìwé ìpè àti lógò. Àǹtí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó ń gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òkè òkun.

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bínú. Bọ̀dá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí àkáǹtì kan lórí Upwork, ibi tí àwọn oníbàárà ti ń wá òṣìṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, fọ́tò wọn ni, Peckham ni wọ́n kọ síbi àdírẹ́sì. Èmi ni màá máa ṣe iṣẹ́ náà láti ibí, wọ́n á máa yọ dọ́là 30 nínú 100. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá ó burú.

ÀǸTÍ: Kí ló dé tó o fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n ṣe?

ÀBÚRÒ: Nítorí pé wọn ò fẹ́ tèmi ni. Bí wọ́n bá ti rí Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ èèyàn báyìí, wọ́n ti kọjá lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ Yahoo ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ ríṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àfi kó rí ẹni tó wà lọ́dọ̀ òyìnbó fẹ̀yìn tì.

ÀǸTÍ: Láti ìgbà tó ti ń jẹ́ oDesk ni mo ti wà níbẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Upwork ní ọdún 2015. Nàìjíríà ló wà lábẹ́ orúkọ mi títí di òní.

ÀBÚRÒ: Yorùbá lẹ̀yin ń túmọ̀, Àǹtí. Ta ni yóò lọ wá ògbufọ̀ Yorùbá dé Sweden? Nàìjíríà yẹn ló ń bá yín tajà. Òun kan náà ló ń lé oníbàárà sá fún èmi.

ÀǸTÍ: Mo gbà. Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, mi ò sì ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Oníbàárà lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará Amẹ́ríkà nìkan lòun ń fẹ́, èmi àtìwọ ò sì lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, wọ́n fàyè gbà wá láti máa sanwó fáwọn ẹlòmíràn. Wọn ò jẹ́ ká fi gba owó tiwa, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èèyàn á ṣiṣẹ́, iṣẹ́ á dára, ọ̀nà tó máa fi gba owó ni ò ní sí. Ìyà tí kò tọ́ sí wa ni, ó ṣì máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo iṣẹ́ tó o béèrè tí wọn ò fún ọ, orílẹ̀-èdè rẹ ló fà á?

ÀBÚRÒ: Kí ló tún lè fà á?

ÀǸTÍ: A máa débẹ̀. Kọ́kọ́ ro ẹjọ́ Bọ̀dá rẹ tán ná.

ÀBÚRÒ: Ẹjọ́ náà ò gùn. Ẹni tó fẹ́ lógò rí lógò tó dára gbà. Owó tó san ò ju iye tó fẹ́ san lọ. Bọ̀dá rí tiwọn, èmi náà rí tèmi. Ta la wá ṣẹ̀? Àti pé kì í ṣe orí mi ni wọ́n á ti kọ́kọ́ fi orúkọ tí kì í ṣe tẹni ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn I. B. Thomas fún mi. Ọkùnrin ni, àmọ́ láti 1929 wọ 1930, ó ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó bíi pé obìnrin lòun, Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tó jayé títí tí àìsàn fi dá a gúnlẹ̀. Àwọn tó ń kà á rò pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Kò sẹ́ni tó pe Thomas ní oníjìbìtì.

ÀǸTÍ: Inú mi dùn pé o rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Thomas ló ni Akéde Èkó, òun ni olóòtú ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì fi ń gbé ìwé ìròyìn náà jáde. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá bá bí nínú mọ ibi tó máa lọ, á sì bá ẹni tó máa dá a lóhùn níbẹ̀. Ìtàn ni òǹkàwé sanwó fún, ìtàn ló gbà. Ṣé lógò nìkan ni oníbàárà tìrẹ wá ń rà? Ó ń ra ẹni tó máa pè bí àwọ̀ bá yí pa dà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó ń ra ẹni tó máa jẹ́rìí pé wọn ò jí lógò náà níbòmíràn. Ìlànà Upwork ni pé, bí ẹ ò bá ṣe àdéhùn míì, lọ́jọ́ tó bá sanwó ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Ta ló gbé ẹ̀tọ́ náà fún un? Bọ̀dá rẹ ò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kò ní ẹ̀tọ́ kankan tó lè gbé fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó o ni ín, kò mọ̀ pé o wà láyé. Ó ti sanwó tán, ó ń lo lógò náà lára ọjà ẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohun tóun rò pé òun rà, òun ò tíì rà á.

ÀBÚRÒ: Mi ò rò ó débẹ̀. Àmọ́ èmi kọ́ ni màá yọjú láti gbà á pa dà lọ́wọ́ ẹ̀.

ÀǸTÍ: Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀. Ìwà rẹ nìkan ló ń dáàbò bo ọjà ẹ̀, o ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ibi tọ́rọ̀ òun dé nìyẹn. Ohun tí mo rí pé ó burú níbẹ̀ gan-an nìyí, kódà bí lógò náà bá rẹwà bí oṣù. Bọ̀dá náà tún ńkọ́? Láti January 2024, òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń tipasẹ̀ wọn ríṣẹ́ máa kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pa sílẹ̀, kí wọ́n máa fi jíṣẹ́ fún HMRC, àwọn agbowó-orí wọn. Gbogbo owó tó o bá pa, lórúkọ ẹ̀ ni. Dọ́là 30 ló wọ àpò ẹ̀, 100 ni wọ́n máa bi í léèrè. Ṣé o sọ ìyẹn fún un?

ÀBÚRÒ: Rárá. Mi ò rò pé wọ́n mọ̀.

ÀǸTÍ: Bí Upwork bá wá ní kó mú ìwé ìdánimọ̀ wá, kó sì yọjú lórí fídíò, òun ló máa yọjú. Bí oníbàárà bá ní ká jọ sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ àti lẹ́tà ńkọ́?

ÀBÚRÒ: A ti sọ ọ́. Wọ́n á ki nǹkan betí, èmi á máa sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ sí wọn létí.

ÀǸTÍ: Gbọ́ ohun tó o sọ jáde lẹ́nu. Bí kò bá burú, kí ni nǹkan etí wà fún?

ÀBÚRÒ: Àǹtí, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó ilé ti pé. Ẹ̀yin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀; ẹni tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló ń ráyè sọ̀rọ̀ òdodo. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

ÀǸTÍ: Mi ò ní sọ ọ́. Owó gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àkọ́kọ́, kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Lórí iṣẹ́ tí wọ́n dá owó lé lódindi, oníbàárà á fi owó sọ́wọ́ Upwork. Bó o bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó ní ọjọ́ 14 láti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tó bá tún fọwọ́ sí i, owó náà á ṣì sùn fún ọjọ́ 5. Fiverr, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ Upwork, ní tiwọn, 20 nínú 100 ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Owó ilé tó ti pé yẹn, iṣẹ́ àdúgbò ni kó o fi san án. Èkejì ló ká mi lára jù. Gbogbo ìràwọ̀ tí wọ́n bá fún ọ, gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tí oníbàárà bá kọ, orí àkáǹtì Bọ̀dá ni wọ́n máa wà. Wọn ò gbà kó o kó wọn lọ sí tìrẹ. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ìyàwó ẹ̀ bá ní kó jáwọ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lo máa pa dà sí. Ohun tó ń bọ́ èmi nídìí iṣẹ́ yìí ni àwọn oníbàárà tó pa dà wá fúnra wọn, tí mi ò kọ̀wé bẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn lo fẹ́ fi ta Bọ̀dá lọ́rẹ.

ÀBÚRÒ: Báwo ni ẹnì kan ṣe máa pa dà wá nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ò tíì wá?

ÀǸTÍ: Ṣí láàpútọ́ọ̀pù rẹ. Fi iṣẹ́ tó o kọ̀wé béèrè kẹ́yìn hàn mí.

ÀBÚRÒ: Òun rèé. Obìnrin kan ní Kánádà tó ń ta oyin. Ó ń wá ẹni tó máa ṣe bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Dọ́là 150 ló fẹ́ san. Mo kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, pé kó ṣàánú fún mi láǹfààní, màá gba dọ́là 10.

ÀǸTÍ: Ta ló kọ́ ọ ní irú lẹ́tà yìí?

ÀBÚRÒ: Ẹni tó gbowó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní ká máa dà á kọ síbi gbogbo, pé ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n ń mú. Ó ní láàárín oṣù kan, dọ́là á máa wọlé.

ÀǸTÍ: Inú ń bí mi sí ẹni yẹn ju Bọ̀dá rẹ lọ, torí Bọ̀dá fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi ara rẹ sípò obìnrin yìí. O gbé dọ́là 150 kalẹ̀, ẹnì kan ní òun á gba 10. Wàá rò pé kò mọ iṣẹ́, tàbí pé ó fẹ́ da tẹlòmíràn kọ. Ìlà díẹ̀ tó ṣíwájú ló sì máa rí kó tó ṣí lẹ́tà rẹ. Ẹ̀bẹ̀ lo fi kún ibẹ̀. Àwòrán wo lo so mọ́ ọn?

ÀBÚRÒ: Pósítà òkú Alájì àdúgbò wa, àti ìwé ìpè ìgbéyàwó kan.

ÀǸTÍ: Mo mọ pósítà yẹn, ó dára. Orúkọ ọmọ, orúkọ ìyàwó, àwọn àna, àwọn ọmọ-ọmọ, gbogbo ẹ̀ lójú bébà kan, síbẹ̀ mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láìlo awò. Wo ohun tí obìnrin yìí wá kọ: ìgò náà kéré, ó rí roboto, ọ̀rọ̀ tó máa wà lára ẹ̀ pọ̀, ó sì fẹ́ kó ṣeé kà. Ìwọ gan-an ló ń wá! Ìlà àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìyẹn wà. Kánádà sì tún ni: òfin wọn ní kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wà lára oúnjẹ tí wọ́n dì tà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kọ síbí. Ká ní o bi í pé, "Ṣé kí n fi àyè ti Faransé sílẹ̀?", ṣé Nàìjíríà ló máa kọ́kọ́ wò?

ÀBÚRÒ: Ó lè má wò ó. Ó sì lè wò ó náà.

ÀǸTÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ọ ṣèlérí. Àwọn kan máa wò ó. Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ iye wọn, torí lẹ́tà tó o ń kọ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dé orí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rárá. Ta ló sì sọ pé orí Upwork nìkan niṣẹ́ wà? Àwọn ìjọ wa ní Peckham àti Houston ń ṣe àjọ̀dún, àwọn tó ń ta àmàlà níbẹ̀ nílò pátákó àti bébà tí wọ́n ń kọ orúkọ oúnjẹ sí. Bọ̀dá rẹ mọ̀ wọ́n. Kó mú ọ lọ bá wọn lórúkọ rẹ, kó sọ fún wọn pé Ìbàdàn lo wà, kó sì gba 30 ẹ̀ níbẹ̀. Alárinà lowó tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

ÀBÚRÒ: Ìyẹn wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àwọn tó ní ará Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi láì tíì wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, òtítọ́ wo ni mo jẹ ẹ́?

ÀǸTÍ: Ìbéèrè yẹn le. Ọ̀rọ̀ òfin tàbí aago ló mú àwọn kan ṣe é. Ẹni tó ṣe é torí pé ó kórìíra wa, mi ò ní bá ọ gbèjà ẹ̀. Àmọ́ bí àṣírí bá tú, òun kọ́ ló máa jìyà ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó fi orúkọ ara ẹ̀ kọ̀wé lọ́jọ́ kejì ni. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé àwọn ọmọ Yahoo ba ọ̀nà jẹ́ fún ọ.

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ fẹ́ fi mí wé ọmọ Yahoo ni?

ÀǸTÍ: Rárá o. Ìwọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ń jalè. Ẹni tí wọ́n bá sọ ìtàn náà fún ní Kánádà ni kò ní mọ ìyàtọ̀.

ÀBÚRÒ: Mo gbà pé kò tọ́ sí obìnrin oyin. Ti ẹni tó tilẹ̀kùn yẹn ṣì wà nínú mi, Àǹtí. Mi ò ní purọ́ fún yín.

ÀǸTÍ: Jẹ́ kó wà níbẹ̀, a ṣì máa sọ ọ́. Kí lo máa wá wí fún Bọ̀dá?

ÀBÚRÒ: Màá ní kí wọ́n ti àkáǹtì yẹn pa, kí wọ́n sì bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn alámàlà. Wọ́n máa bínú, wọ́n ti ya fọ́tò tuntun sí i.

ÀǸTÍ: Bó bá bínú, gbé fóònù fún mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.