Àpáta Tí Onílẹ̀ Ní Kí A Má Gùn

Ẹ ka Ẹ́kísódù 19:10-13

Nígbà tí Olúwa fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sórí òkè Sínáì ní aginjù, Ó ní kí Mósè pààlà yí òkè náà ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún.

Àpáta ńlá kan wà ní aginjù àárín gbùngbùn Ọsirélíà, Uluru ni orúkọ rẹ̀. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ mítà 348. Ní 1873, òyìnbó kan, William Gosse, fi orúkọ Henry Ayers pè é, bí ẹni pé kò ti ní orúkọ rí. Ohun mímọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn Anangu tí í ṣe onílẹ̀. Wọ́n bẹ àwọn àlejò títí kí wọ́n má gùn ún, wọ́n tilẹ̀ fi pátákó sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1964 ni ẹ̀wọ̀n irin ti wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń dì mú gòkè. Ta ni yóò rí ẹ̀wọ̀n tí yóò tún ka pátákó?

Ó lé ní 30 ènìyàn tí ó kú níbẹ̀. Àwọn kan yọ̀ ṣubú, ọkàn àwọn mìíràn sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù nìyí: bí àlejò bá kú, àwọn Anangu ni ó ń bànújẹ́, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá wá sí ilẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn ni ó wà.

Ìjọba dá ilẹ̀ náà padà fún wọn ní 1985. Ní 26 Oṣù Kẹwàá, 2019, a fi òpin sí gígùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ńṣe ni àwọn ènìyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọ́n ń du àtigùn ún kí ilẹ̀kùn tó tì!

Ẹnìkan lè wí pé, “Òkúta lásán ni, àwa kì í sì í bọ òkúta.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a bọ ọ́? Kí a má gùn ún ni wọ́n wí. Bí àlejò bá wọ ilé ìsìn wa tí ó jókòó sórí tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí ó ní igi lásán ni, kí ni a ó ṣe fún un? Àwa tí a ń tajà, tí a sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìlú onílùú, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí àwọn ọmọ wa yóò lọ sí Gálílì lórí òkè, kí àwọn àgbà tí yóò ṣáájú wọn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé tí ó ni òkè náà, kí wọ́n bi í léèrè ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ lè dé.