Èyí Tí A Kọ́kọ́ Kọ́ Ni Àgbà

Nínú ọgbà yunifásítì, nọ́ńbà tó wà lára kọ́ọ̀sì tètè máa ń di oyè fún ẹni tó ń ṣe é. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní, “jáḿbáìtì” ni wọ́n ń pè é, ì báà mọ ìṣirò ju ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín lọ. Ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ń gba ọdún márùn-ún, ẹni tó bá ti dé 500 level ti ń jẹ́ ẹnjiníà lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí àṣà yìí ju ọ̀rọ̀ ilé-ìwé lọ: ṣé lóòótọ́ ni ìmọ̀ kan ga ju ìmọ̀ mìíràn lọ? Èrò tèmi ni pé ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó níyì jù. Bí a bá sì fẹ́ pín iyì dandan, èyí tó ṣáájú ló yẹ ká kọ́kọ́ fún.

Ẹ wo bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìpele tí nọ́ńbà náà ń fi hàn yàtọ̀ sí yúníìtì. Yúníìtì kan dúró fún nǹkan bíi wákàtí 15 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú sáà kan, tàbí 45 bó bá jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ìwọ̀n iṣẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà ni irú ìṣirò yìí ti wá. Ohun tó mú un gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1906 ni pé àjọ Carnegie, tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún olùkọ́ yunifásítì, fi kíka ẹ̀kọ́ ní yúníìtì ṣe ọ̀kan lára ohun tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kó tó jẹ nínú owó náà. Ẹni tó bá rò pé òṣùwọ̀n ọgbọ́n ni, kó rántí pé ọ̀rọ̀ owó ló gbé e dìde. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ṣírò CGPA, máàkì àti yúníìtì nìkan ni wọ́n ń sọ di púpọ̀. “A” nínú kọ́ọ̀sì 100 level oníyúníìtì méjì, máàkì 10 ni; “A” nínú ti 400 level oníyúníìtì méjì, 10 náà ni. Lọ́jọ́ ìṣírò, ètò náà fúnra rẹ̀ kò ka ìpele sí.

Ohun tó kà sí ni ètò ìtẹ̀léra. Nínú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní 2022, MTH 102 ni kálkúlọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní. GET 209, ìṣirò àwọn oní-ìmọ̀-ẹ̀rọ, ló tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ẹni tí kò yé e bí a ṣe ń wá ìyípadà y nígbà tí x bá ń yí padà, orí asán ni yóò dúró lé nínú èkejì. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ń sọ òdodo báyìí. GST 212, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti lọ́jíìkì, kò pọn dandan kéèyàn tó lóye GST 312 tó dá lórí àlàáfíà. Àyè tí wọ́n rí nínú ọdún ni wọ́n fi wọ́n sí.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ti pẹ́ ju yunifásítì lọ kò ṣe àṣìṣe kíka ohun ìbẹ̀rẹ̀ sí ohun tó kéré. Ẹ̀pẹ́ gba ọ̀pọ̀ mùsùlùmí mọ́ra lẹ́yìn tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, ilé-kéwú sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ àti ní Ìkòròdú dòní. Fátíhà ni ọmọ kéwú kọ́kọ́ ń há sórí. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí àwọn súrà kéékèèké tó wà ní òpin Kùránì, tí yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síhà súrà Bákárà. Síbẹ̀, Fátíhà tí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni ìyá Kùránì, kò sì sí àáfáà tó kàwé débi tí kò ní í kà á nígbà 17 nínú ìrun márààrún ọjọ́ kan. Lọ́dọ̀ àwọn onífá pẹ̀lú, Ojú Odù 16, láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì, ni ọmọ awo fi ń ṣe ìpìlẹ̀ kó tó kan 240 yòókù. Àwọn 16 yẹn ni àgbà. Ọmọ ni 240.

Ẹnìkan lè ní: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń béèrè iye kírédíìtì kan láti ìpele 300 sókè kí wọ́n tó fúnni ní dìgírì? Wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹni tó kó kírédíìtì 120 jọ láti inú kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ ní ogún ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀ nígbà ogún, kò parí ẹyọ kan. Àìdójú-àmì ni òfin náà ń bá wí. Àwọn tó ń fi NCE tàbí ND wọ 200 level tààrà ńkọ́? Wọn kò fo ìpìlẹ̀; ibòmíràn ni wọ́n ti fi í lélẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé ohun tó pọn dandan lè máà níyì: a kì í yin àgbàlagbà nítorí pé ó mọ a, b, d. Òótọ́ ni, ẹni tó dúró sórí Fátíhà kì í ṣe àáfáà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró là ń bá wí níbẹ̀, kì í ṣe Fátíhà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé ọdún kẹrin ni kálkúlọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé dénú, nígbà tí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ti àṣà kíkó kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ inú rẹ̀, fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè dókítà mú ti 500 level, ó ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi MTH 102 sílẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n.